Oníbàárà mi ò sanwó, ìgbẹ́jọ́ sì ti ń bọ̀: ṣé mo lè yọwọ́ nínú ẹjọ́ ẹ̀?

Amòfin_Kékeré:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kó mi lọ́kàn sókè. Mo ní oníbàárà kan tí mò ń bá ṣe ẹjọ́ sífù, ọ̀rọ̀ àdéhùn láàárín òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ó san owó àsansílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tiẹ̀ bá mi ná an, a sì jọ fọwọ́ sí àgíríméǹtì pé oṣooṣù ni màá máa fi bíìlì ránṣẹ́, òun á sì san án kí oṣù tó tẹ̀lé e tó parí. Owó àsansílẹ̀ yẹn ti tán tipẹ́, látìgbà yẹn ìlérí ni mò ń jẹ. Tí mo bá pè é á ní "lọ́yà ẹ má bínú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀", tí ọ̀sẹ̀ yẹn bá dé á ní báńkì ló ń da òun láàmú. Ó ń ka mẹ́sẹ́èjì mi lórí WhatsApp o, mò ń rí àmì búlúù yẹn, kò ní fèsì, àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ló fẹ́ béèrè á pè mí lóru, á sì tún bínú tí mi ò bá gbé e.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé owó tí wọ́n fi ń fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù àti ti fọ́tòkọ́pì, àpò mi ló ti ń jáde báyìí. Èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì mi, mi ò ní ọ̀gá tí màá fara tì. Wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún ìgbẹ́jọ́, ó ku oṣù méjì ó lé díẹ̀, ẹlẹ́rìí ẹ̀ méjì ni mi ò tíì bá jókòó.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé mo lè yọwọ́ torí owó lásán? Ṣé lẹ́tà ti tó àbí dandan ni kí n gbàyè lọ́wọ́ adájọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣáà má yọjú sí kóòtù mọ́, pé tójú ẹ̀ bá já a á wá owó wá. Ẹlòmíì ní kí n di fáìlì ẹ̀ mú, kí n má gbé e sílẹ̀ títí á fi sanwó. Ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ibi tí mo wà, agbègbè wa kéré, wọ́n máa tètè mọ̀ pé èmi ni.

ÀgbàÒfin:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kò sí lọ́yà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tírú ẹ̀ ò ṣe rí, ẹni tó bá ní òun ò rí i rí, ìjọba ló ń san owó oṣù fún un.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ọ̀rẹ́ tó ní kó o má yọjú sí kóòtù mọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ dáadáa ni o, àmọ́ má bá a sọ ọ̀rọ̀ òfin mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ rẹ bá ṣì wà nínú ìwé kóòtù pé ìwọ ni lọ́yà ọkùnrin yẹn, ìwọ náà ni, bó sanwó bí kò sanwó. Ìwé tí lọ́yà kejì, ìyẹn ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣẹjọ́, bá kọ, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀, ọjọ́ tí kóòtù bá sì dá, ìwọ ni wọ́n ń retí. Mo mọ ẹnì kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí oníbàárà ẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́, ló bá jókòó sílé, ó rò pé ó tán. Lọ́yà kejì gbé mósọ̀n, ìyẹn ìwé ìbéèrè sí adájọ́, wá, kò sẹ́ni tó ta kò ó, adájọ́ sì dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu wọn. Oníbàárà tó jẹ gbèsè yẹn ló wá padà di ẹni tó ń kọ̀wé ẹ̀sùn sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá lọ́yà wí, wọ́n sì gbọ́ tiẹ̀ o, torí gbèsè tó jẹ ò pa ẹ̀tọ́ ẹ̀ rẹ́. Owó tí lọ́yà yẹn fi gba lọ́yà fún ara ẹ̀ ju owó tí wọ́n jẹ ẹ́ lọ.

Ó yá, ìdáhùn gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, o lè yọwọ́ torí owó. Òfin ibi tó o wà ló máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, àmọ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀ jọra gan-an níbi púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà àwòkọ́ṣe tí ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà wọn, ìyẹn ABA, gbé kalẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀ fi ń ṣe tiwọn, Rule 1.16(b)(5) ló wà: tí oníbàárà bá kùnà gidi nínú ohun tó jẹ lọ́yà nípa iṣẹ́ náà, tí lọ́yà sì ti kìlọ̀ fún un bó ṣe yẹ pé òun á kúrò tí kò bá ṣe é, lọ́yà lè kúrò. Ní England, Solicitors Act ti 1974, section 65(2), sọ pé tí lọ́yà bá béèrè owó tó mọ níwọ̀n lórí ìnáwó ẹjọ́, tí oníbàárà kọ̀ tàbí tí kò san án láàárín àsìkò tó yẹ, ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti kúrò, tó bá ṣáà ti jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú. Ní Nàìjíríà, òfin ìwà àwọn lọ́yà tí wọ́n ṣe ní 2007, kí wọ́n tó fi ti 2023 rọ́pò ẹ̀, sọ nínú Rule 21 pé lọ́yà ò gbọdọ̀ pa iṣẹ́ tó ti gbà tì àfi tó bá ní ìdí gúnmọ́, wọ́n sì ka kí oníbàárà mọ̀ọ́mọ̀ kọtí ikún sí àdéhùn owó mọ́ irú ìdí bẹ́ẹ̀.

Ṣó o rí i, kò síbi tí wọ́n ti ní kó o jí lówùúrọ̀ kó o kó ẹrù ẹ. Ìkìlọ̀ ló ń ṣáájú níbi gbogbo. Kì í sì í ṣe ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ ni wọ́n ń sọ. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà ń bá ẹ jiyàn lórí bíìlì, pé iye tó o kọ pọ̀ ju iṣẹ́ tó o ṣe lọ, ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tó gbà pé òun jẹ ẹ́ tí kò kàn fẹ́ san. Àwọn lọ́yà kan sì wà tó jẹ́ pé owó ojú kan ni wọ́n gbà fún gbogbo ẹjọ́, nígbà tí iṣẹ́ wá pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò, wọ́n ní oníbàárà ò sanwó. Oníbàárà wo ni ò sanwó? Ẹni tó ti san gbogbo ohun tẹ́ ẹ jọ ṣàdéhùn? Ìṣirò tiwọn ló gbé wọn ṣubú, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ oníbàárà.

Ti gbígba àyè wàyí. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí kò dé kóòtù, bíi kó o máa bá èèyàn kọ àgíríméǹtì tàbí kó o bá a wádìí ìwé ilẹ̀, lẹ́tà tó ṣe kedere pẹ̀lú àsìkò tó tó ti tó. Àmọ́ tó bá ti jẹ́ ẹjọ́ tó wà níwájú adájọ́, Rule 1.16(c) tí mo sọ yẹn ní kó o tẹ̀ lé òfin kóòtù lórí ìfitónilétí àti àyè gbígbà, tí kóòtù bá sì ní kó o máa bá a lọ, wàá máa bá a lọ ni, bó o tilẹ̀ ní ìdí tó dáa láti kúrò. Àwọn ibì kan tiẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀, ní California bí àpẹẹrẹ, fọ́ọ̀mù MC-051 dé MC-053 ni wọ́n ń kọ. England náà ní tiwọn nínú ìlànà ẹjọ́ sífù wọn, CPR 42.3, wàá gba àṣẹ lọ́wọ́ kóòtù pé ìwọ kọ́ ni lọ́yà ẹ̀ mọ́.

Wàá wá dúró síwájú adájọ́ báyìí o, wàá rò pé ọ̀rọ̀ owó ló máa kọ́kọ́ béèrè. Rárá. Ohun àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "ìgbà wo ni ìgbẹ́jọ́?" Lẹ́yìn náà, "ṣé ó ti rí lọ́yà mìíràn?" Lẹ́yìn náà, á yíjú sí lọ́yà kejì, á bi í bóyá ó ń ta kò ó. Tó bá jẹ́ pé ìgbẹ́jọ́ ṣì jìnnà, tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ á ráyè ka fáìlì, wọ́n sábà máa ń tú ẹ sílẹ̀ láìjà. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn ẹlẹ́rìí ti ń múra, ẹjọ́ ẹ ti di ẹjọ́ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹ pé oṣù méjì tó o ní lọ́wọ́ yìí ni agbára rẹ, má fi jẹ ìlérí.

Ọ̀kan tún kù tí àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà kì í rántí. Ẹjọ́ kan wà ní England láyé àtijọ́, Underwood, Son & Piper v Lewis, 1894, kóòtù ní tí lọ́yà bá gba ẹjọ́, ó gbà á dópin ni, tó bá já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà láìsí ìdí tó dáa àti ìfitónilétí tó tó, kò ní lè gba owó èyí tó ti ṣe pàápàá. Ṣó yé ẹ? Gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ lónìí lè di òfo tó o bá fi ìbínú jáde.

Ẹlẹ́jọ́Ọ̀daràn:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán, ẹ ṣeun sà. Mo kàn fẹ́ fi ti ẹjọ́ ọ̀daràn kún un, torí àwọn tó ń ka èyí lè rò pé bákan náà ni.

Níbi tẹ̀wọ̀n bá ti wọ̀ ọ́, adájọ́ á lajú sí ọ gidi. Èyí tí mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ni R. v. Cunningham, kóòtù tó ga jù ní Kánádà ló dá a ní 2010. Cunningham yẹn, obìnrin ni, lọ́yà Legal Aid, ìyẹn ètò tó ń san owó lọ́yà fún aláìní, ní agbègbè Yukon, ó ń gbẹjọ́ rò fún ẹnì kan tí wọ́n fi ẹ̀sùn tó burú kàn. Legal Aid wá dáwọ́ owó dúró torí pé ọkùnrin náà ò fi ìwé ìnáwó ẹ̀ tuntun ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Lọ́yà ní òun fẹ́ kúrò, adájọ́ ní kò sáyè. Ó di kóòtù gíga, ó di kóòtù kòtẹ́mílọ́rùn, èyí tó kẹ́yìn yìí tilẹ̀ gbè é, àmọ́ ìgbà tó dé òkè pátápátá, gbogbo adájọ́ fẹnu kò pé kóòtù ní agbára láti ní kí lọ́yà má lọ torí owó.

Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe là á, òun ló dùn mọ́ mi. Wọ́n ní tí lọ́yà bá tètè wá, tí kíkúrò ẹ̀ ò ní mú kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, kí kóòtù jẹ́ kó lọ, kò tiẹ̀ yẹ kó bi í nídìí. Tó bá pẹ́ kó tó wá, kóòtù lè béèrè ìdí. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà iṣẹ́, bíi pé oníbàárà ní kó ṣe ohun tí òfin ò gbà, adájọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ. Tó bá jẹ́ owó, adájọ́ á wọ̀n ọ́n: ṣé olùjẹ́jọ́ lè dá ẹjọ́ ara ẹ̀ rò? Ṣé ọ̀nà míì wà tó fi lè rí lọ́yà? Ṣé ó wà látìmọ́lé, tí ìdádúró á fi pọ́n ọn lójú? Àwọn ẹlẹ́rìí àti ẹni tó fẹjọ́ sùn ńkọ́? Ṣé lọ́yà tètè sọ fún un? Àti èyí tí mo máa ń rán àwọn adájọ́ létí, ṣé ó tọ́ sí lọ́yà náà pé kó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ẹjọ́ tó lè gba oṣù púpọ̀? Wọ́n kọ ìyẹn náà síbẹ̀ o, pé kóòtù á ro ti lọ́yà mọ́ ọn. Wọ́n tiẹ̀ ní tó bá jẹ́ owó nìkan, kíkọ̀ ò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí adájọ́ kàn ń ṣe bó bá ṣe wù ú, àfi tí kíkúrò yẹn bá máa ṣe ìpalára ńlá fún ètò ìdájọ́.

Nítorí náà nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, èmi kì í gbà á wọlé láìgba owó tó máa gbé mi dé ibi tí mo bá ti lè sọ̀ kalẹ̀. Tí mo bá ti rí i pé owó ò ní tó, mo ti ń kọ̀wé kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ rárá. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́n ti pe àwọn ẹlẹ́rìí, kó múra àtiṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀fẹ́_Ò_Sí:

Hmm. Télọ̀ máa ń di aṣọ mú, mẹkáníìkì máa ń di mọ́tò mú, lọ́yà nìkan ni wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ lọ fún gbèsè. Iṣẹ́ yìí sú mi 😂

Àǹtí_Lọ́yà:

@Ọ̀fẹ́_Ò_Sí, o ò jẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀fẹ̀ 😂 àmọ́ mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ dídi nǹkan mú yẹn.

Àbúrò mi Amòfin_Kékeré, ẹ̀gbọ́n wa ti sọ bó o ṣe máa kúrò. Èmi fẹ́ sọ ohun tó o máa sọ àti ohun tó ò gbọdọ̀ sọ nínú mósọ̀n rẹ, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lọ́yà ti ń bínú, ó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó kọ afidéfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra, bíi lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀: "oníbàárà mi jẹ́ onírọ́, owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ àmọ́ ó ti kó o pamọ́, ó sọ fún mi pé ẹjọ́ ọ̀hún ò tiẹ̀ dá òun lójú." Yéè! Ẹni tí ẹ jọ ń bá jà ń kà á níbẹ̀. O ti sọ fún un pé oníbàárà ẹ ò lówó mọ́, pé kò lè jà pẹ́, á fi owó kékeré lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n fi parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣírí oníbàárà ni gbogbo ẹ̀, gbèsè tó jẹ ẹ́ ò sì tú àṣírí yẹn sílẹ̀.

ABA kọ ọ̀rọ̀ lórí èyí gan-an ní 2016, Formal Opinion 476. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kó o kọ́kọ́ wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú, pé ohun tó jẹ mọ́ ìlànà iṣẹ́ rẹ ló mú kó o fẹ́ kúrò, kó o dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ adájọ́ máa ń gbọ́ ìyẹn yé, àwọn náà ti ṣe lọ́yà rí. Tí adájọ́ bá ní òun fẹ́ gbọ́ sí i, gbìyànjú kó gbà pẹ̀lú èyí tó o ti sọ, tó bá sì paṣẹ pé kó o sọ, sọ ìwọ̀nba tó tó fún un láti pinnu, kó o bẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ ọ nínú chambers, ìyẹn ọ́fíìsì ẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ìwé náà pamọ́ kí ẹgbẹ́ kejì má rí i. Ní Kánádà tí ọmọ ìyá mi kan mẹ́nu bà lókè, kóòtù gbà pé lọ́yà lè sọ pé owó ni, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó náà ò bá ti kan ohun tí ẹjọ́ dá lé. Nítorí náà ibi tó o wà ló máa jẹ́ kó o mọ bó o ṣe máa lanu tó. Tó ò bá mọ̀, la á díẹ̀.

Ó tún di ti fáìlì. Ẹni tó ní kó o dì í mú ò parọ́ tán, òfin wà níbòmíràn tó fún lọ́yà láyè láti mú ìwé oníbàárà dání torí gbèsè. Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo, ìwọ tó ò ń kúrò fúnra ẹ gan-an ni wọn kì í fẹ́ kó lò ó. Ní California, wọ́n kọ ọ́ pé wàá kó ìwé oníbàárà fún un bó bá béèrè, bó ti san owó ẹ̀ bí kò san. Ní England, Gamlen v Rochem ní 1980, lọ́yà tí wọn ò sanwó fún fi ẹjọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ti sún mọ́, ó sì fẹ́ di ìwé mú. Kóòtù ní kó kó o fún lọ́yà tuntun, tí ìyẹn á sì ṣèlérí pé òun á tọ́jú ẹ̀tọ́ tó ní lórí ìwé náà, kí ẹjọ́ má bàa kú. Rule 1.16(d) náà ní kó o ṣe ohun tó bá ṣeé ṣe láti dáàbò bo oníbàárà bó o ṣe ń lọ, kó o fún un láyè kó wá lọ́yà míì, kó o kó ìwé ẹ̀ fún un, kó o sì dá owó àsansílẹ̀ tí iṣẹ́ ò tíì jẹ padà. Bó bá jẹ́ èmi, màá ṣe fọ́tòkọ́pì tèmi, màá kó ojúlówó fún un, màá sì gba ìbuwọ́lùwé ẹ̀ pé ó gbà á. Owó, mo lè gbé e lọ sí kóòtù lọ́jọ́ mìíràn.

OníbàáràNiMí:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mi ò kí ń ṣe lọ́yà dá sí i díẹ̀ ẹ̀yin ọ̀gá, torí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo wa la jẹ́ jìbìtì. Lọ́yà kan ti fi mí sílẹ̀ rí. Lóòótọ́ mo jẹ ẹ́, iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ mi láàárín ẹjọ́. Ohun tó dùn mí kì í ṣe pé ó lọ, bó ṣe lọ ni. Títí dọjọ́ tí ìwé fi dé ilé mi láti kóòtù, kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé òun ń lọ. Bíìlì ló ń fi ránṣẹ́, bíìlì lórí bíìlì, mo rò pé bíi ti iná mànàmáná ni, pé wọ́n á ṣáà máa fi ránṣẹ́. Ká ní ó kọ ọ́ gbọnrangandan pé "tó ò bá san èyí títí di ọjọ́ báyìí, màá sọ fún adájọ́ kó jẹ́ n lọ", ǹ bá ti lọ yá owó tàbí kí n lọ bá àwọn tó ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní láti bẹ adájọ́ fúnra mi pé kó sún un síwájú, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń dúró sí nínú kóòtù.

Nítorí náà ẹ sọ̀rọ̀ sókè kẹ́ ẹ tó lọ. Ojú ń tì wá láti sọ pé kò sówó ni, ìdí nìyẹn tá ò fi ń gbé fóònù.

Amòfin_Kékeré:

@OníbàáràNiMí ẹ ṣeun gan-an ni, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára torí mo yẹ ímeèlì mi wò lẹ́yìn tí mo kà á, òótọ́ ni pé "ẹ jọ̀wọ́ ẹ san owó yín" ló kún ibẹ̀, mi ò kọ ọ́ níbì kankan pé màá kúrò.

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ ṣeun. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Èkíní, mo kọ ọ́ sínú àgíríméǹtì wa pé tí kò bá sanwó mo lè kúrò lójú ẹsẹ̀, ṣé ìyẹn ò ti tó? Èkejì, kọ́ńpìnnì ẹ̀ kékeré náà wà nínú ẹjọ́, orúkọ méjèèjì ni mo fi wọlé, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i tí mo bá lọ? Ẹ̀kẹta, tó bá wá san díẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ńkọ́?

ÀgbàÒfin:

Àgíríméǹtì yẹn wúlò, torí á jẹ́ ẹ̀rí pé oníbàárà mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tọ́jú ẹ̀. Àmọ́ ìwọ àti òun lẹ jọ kọ ọ́, adájọ́ ò sí níbẹ̀, kò lè gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀. "Lójú ẹsẹ̀" yẹn kò sì ní dùn létí adájọ́ kankan, má tiẹ̀ fi hàn án àyàfi tó bá béèrè. Èyí tó o máa kọ lọ́jọ́ iwájú, sọ pé lẹ́yìn ìkìlọ̀ àti àyè tó tó, àti lábẹ́ àṣẹ kóòtù.

Ti kọ́ńpìnnì, o ṣe é dáadáa tó o béèrè. Èèyàn lásán lè dúró fún ara ẹ̀ ní kóòtù, kọ́ńpìnnì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, wọn kì í gbà á rárá kí kọ́ńpìnnì wá láìsí lọ́yà, kóòtù wọn tó ga jù tún un sọ ní 1993 nínú Rowland v. California Men's Colony. Torí náà tó o bá lọ, kọ́ńpìnnì yẹn ti di odi ní kóòtù ní ìṣẹ́jú náà, adájọ́ mọ̀, á sì fẹ́ mọ ètò tó wà nílẹ̀. Sọ ọ́ sínú lẹ́tà ìkìlọ̀ rẹ kó hàn gbangba, pé kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ ní lọ́yà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè dá ẹjọ́ lé e lórí láìgbọ́ tẹnu ẹ̀. Ibi tó o wà lè ní ìyàtọ̀ díẹ̀, yẹ ẹ́ wò.

Lẹ́tà yẹn gan-an wàyí, lónìí ni kó o kọ ọ́, kì í ṣe lọ́la. Má kọ ọ́ sórí WhatsApp nìkan. Kọ iye tó jẹ àti bíìlì wo ni, kọ ọjọ́ tó o fún un, kọ pé lọ́jọ́ kejì ẹ̀ wàá gbé mósọ̀n lọ. Wá kọ gbogbo ọjọ́ tó wà níwájú sílẹ̀ fún un, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ọjọ́ tí ìwé ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wọlé, àti ọjọ́ tí àyè òfin bá fẹ́ pa dé lórí ohunkóhun. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo ń tẹnu mọ́. Tí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí kò tíì wọ kóòtù, tí àsìkò ẹ̀ sì fẹ́ tán, o ò lè fi ẹni náà sílẹ̀ nígbà tó bá ku ọjọ́ kan kí àsìkò yẹn tán, kó o ní o ti fún un ní lẹ́tà. Fi í wọlé kọ́kọ́, kó o tó máa lọ.

Àǹtí_Lọ́yà:

Ti ẹ̀kẹta ẹ ni mo fẹ́ dáhùn, ìbéèrè tó dáa ni. Tó bá san díẹ̀, tó o gbà á, tó o sì dákẹ́, o ti sọ ìkìlọ̀ rẹ di yẹ̀yẹ́, lọ́yà tó bá fẹ́ ta kò ẹ́ á ní o ti gbà kó máa san díẹ̀díẹ̀. Fún un ní rísíìtì, kó o kọ ọ́ sí i pé o gbà á gẹ́gẹ́ bí apá kan, pé ọjọ́ tó o dá ṣì wà bó ṣe wà fún ìyókù. Tí ìwọ fúnra ẹ bá wá fẹ́ fún un ní ètò sísan tuntun, kò burú, kọ ètò ọ̀hún sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fọwọ́ sí i, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn bọ́ síwájú ìgbẹ́jọ́ dáadáa. Má fún un ní ètò tó máa wó lulẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwọ lo máa jìyà ẹ̀.

Òfin ibi tó o bá wà tún lè ní kó o ṣe nǹkan kan kó o tó pè é lẹ́jọ́ fún gbèsè tó kù. Ní Nàìjíríà, Legal Practitioners Act, section 16, ní kó o kọ bíìlì tó ṣe kedere fún un, kí oṣù kan sì pé lẹ́yìn ẹ̀ kó o tó lè gbé e lọ sí kóòtù. Ìyẹn ò kan kíkúrò, àmọ́ o lè jẹ́ kí oṣù yẹn ti máa ka bó o ṣe ń dúró de mósọ̀n rẹ.

Ẹlẹ́jọ́Ọ̀daràn:

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un. Nígbà tó o bá ti fi mósọ̀n sílẹ̀ tí wọn ò tíì gbọ́ ọ, o ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Àwọn ẹlẹ́rìí méjì tó o ní o ò tíì bá jókòó yẹn, lọ bá wọn jókòó. Tí adájọ́ bá ní rárá, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ á bá ẹ nílẹ̀, tó bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ lo máa kó fún lọ́yà tó ń bọ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì oníbàárà rẹ náà, rí i pé èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, torí adájọ́ máa béèrè ibi tí wọ́n á máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn tó o bá lọ, tó ò bá sì lè dáhùn, wọ́n lè sún mósọ̀n rẹ síwájú kó o lọ wá a.

Amòfin_Kékeré:

Mo ti ń kọ lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ báyìí. Mo fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ṣé ẹ rò pé ó tó?

ÀgbàÒfin:

Pẹ̀lú oṣù méjì tó kù, ó tó. Fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹ̀ àti sí ilé ẹ̀, kó o tọ́jú ìwé tó fi hàn pé ó dé. Kó o sì wo kàlẹ́ńdà kóòtù lónìí kó o mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gbọ́ mósọ̀n, torí níbòmíràn ọjọ́ yẹn kì í tètè ṣí sílẹ̀.

Amòfin_Kékeré:

Ó ti yé mi sà. Mò ń pe akọ̀wé kóòtù báyìí.